Ìrù Igbe

Ó gún kábéèjì náà lọ́bẹ lẹ́ẹ̀kẹfà, ó dúró, ó tẹ́tí. Omi ń kán tó, tó, láti ara ewé rẹ̀ sórí ọ̀rá tí ó tẹ́ sílẹ̀. Máìkì kan tẹ orí ba lókè kábéèjì ọ̀hún bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù, obìnrin náà kò tíì fi nǹkan kan ẹnu, ó sì ti pa ènìyàn mẹ́rin.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Nínú sítúdíò tí wọ́n ti ń to ohùn sínú fíìmù yìí, Elétí ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí etí rẹ̀ mú. Bí eṣinṣin bá fò kọjá lẹ́yìn fèrèsé nígbà tí òṣèré ń sọ̀rọ̀, òun ló máa kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dúró. Ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn tó ń ké rara nígbà tí kò sí ẹni tó ṣí i, egungun tó ṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Egungun tó ṣẹ́, kárọ́ọ̀tì ni. Ọ̀bẹ tó wọ ikùn, kábéèjì ni. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti wà lẹ́nu rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè ka iye kábéèjì tó ti kú ikú oró lọ́wọ́ rẹ̀.

Fíìmù tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Oníbòjú, Apá Kẹrin. Ìtàn rẹ̀ kò le. Ọkùnrin kan wà tó máa ń fi nǹkan funfun bojú, kì í sọ̀rọ̀, ọ̀bẹ ló fi ń sọ tirẹ̀. Apá Kìíní dẹ́rù ba ènìyàn débi pé àwọn baba ọlọ́mọ ń tan iná sílẹ̀ sùn. Apá Kejì kò burú. Nígbà tí yóò fi di Apá Kẹta, Oníbòjú ti kú lẹ́ẹ̀mejì, ó ti jí lẹ́ẹ̀mejì, àwọn òǹwòran sì ti ń bá a kà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin olùdarí tí wọ́n wá gbé Apá Kẹrin lé lọ́wọ́, ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, rò ó títí, ó ní ó sàn kí fíìmù náà tètè fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹlòmíràn tó bá a ṣe é. Nínú tirẹ̀, àwọn tí Oníbòjú ń lé ti wo fíìmù Oníbòjú rí. "Ẹ má pínyà o!" ni ọ̀kan nínú wọn ń ké. "Àwọn tó pínyà ní Apá Kejì ló kọ́kọ́ kú!" Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pínyà.

Elétí kò bá a jà sí i. Ó mọ̀ pé bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrà, aráyé á bá a fi kó ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ti rẹ́rìn-ín níbi púpọ̀ nínú fíìmù ọ̀hún, ẹ̀rín tó dénú. Ibì kan ṣoṣo ni kò lè wò láìdi ọwọ́.

Oníbòjú fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan ń bọ̀ jẹ́jẹ́, kò mọ nǹkan kan. Gbogbo ilé ti dákẹ́, òǹwòran ti di ẹ̀mí mú. Àfi gbàgà tí fóònù Oníbòjú dún nínú àpò rẹ̀. Apààyàn náà wá ń fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ wá fóònù kiri ara bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ilé. Nígbà tí Elétí kà á nínú ìwé eré, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Àṣé kò tíì gbọ́ èyí tó kù. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni olùdarí wá sọ ohun tí fóònù náà máa fi dún: igbe obìnrin tí Oníbòjú kọ́kọ́ pa ní Apá Kìíní, igbe tí gbogbo ayé mọ̀.

Igbe ẹ̀gbọ́n Elétí ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣe obìnrin yẹn. Ohùn rẹ̀ há, ó sì wúwo, bó bá kí ènìyàn láti ẹ̀yìn, wọ́n á dá a lóhùn pé "ẹ káàárọ̀, sà." Àwọn tó ni fíìmù ní ohùn bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọge, wọ́n wá obìnrin olóhùn dídùn kan, òun ló tún gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, wọ́n sì fi ohùn onítọ̀hún bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Igbe nìkan ni wọn kò rí ẹni tó lè ké e bíi tirẹ̀, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án mú un lọ. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí ìbòjú, ìbà lásán tí wọ́n fojú kéré ni. Nínú àpótí ohùn tí sítúdíò ń lò, Igbe Keje ni orúkọ ohun tó kù nínú ohùn ẹ̀gbọ́n náà. Elétí ló fi í sí Apá Kejì, òun ló fi í sí Apá Kẹta, ìgbà méjèèjì ló ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ kó tó ṣe é. Àwọn tó mọ ẹni tó ni igbe náà ti fẹ̀yìn tì, òun kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá wọn ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì, etí ló kù tó fi ń rí ayé. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, bí Elétí ṣe ń bá a gé èékánná, ó dédé ní:

"Mi ò rántí ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ mọ́."

"Ẹ rántí ẹ̀, màmi."

"Mo ní mi ò rántí ẹ̀. Mo máa ń rí ojú ẹ̀, ẹnu ẹ̀ á máa mì, ṣùgbọ́n mi ò ní gbọ́ nǹkan kan." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó tún nà án. "Ṣé ohùn ẹ̀ wà nínú èyí tẹ́ ẹ ń ṣe lọ́wọ́ yìí?"

"Ó wà," ni Elétí wí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ó tó ronú, ìyá ti ń bi í nípa ọjọ́ àti aago. Obìnrin tó ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun kò lè jókòó síbì kan máa wo bí wọ́n ṣe ń pa ọmọ òun, òun ló wá ń yan aṣọ tí yóò wọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń pa á. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí gan-an ni wọn yóò fi fíìmù náà han igba ènìyàn ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, láti mọ ibi tí wọ́n á ti rẹ́rìn-ín. Ohùn ọmọ rẹ̀ ni ìyá ń bọ̀ wá gbọ́. Ẹ̀rín igba ènìyàn ni yóò sì bá a lórí rẹ̀.

Nǹkan bí agogo mẹ́wàá, olùdarí wọlé pẹ̀lú ife tíì méjì. Ọmọlúwàbí ènìyàn ni, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti gbọ́ ti fóònù yẹn. Ẹ ò rí i, bẹ́ ẹ ṣe tò ó tẹ̀lé ara wọn, ó ń dún bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Ṣé kò sí èyí tó gùn jù báyìí lọ?"

"Ṣé kò ní dáa ká fi agogo fóònù lásán sí i?"

Ó wo Elétí bí ẹni tí wọ́n ní kó wá gbé ìyá rẹ̀ tà.

"Àǹtí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ igbe yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi. Ẹ̀rù ẹ̀ ò tíì kúrò lára mi dòní." Ó gbé ife kan fún un. "Tí mi ò bá fi ṣàwàdà, kí ni kí n wá fi ṣe?"

Elétí gba ife náà. Ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín in. Ó ti mọ òwe náà láti kékeré. Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún un rí ni ta ló yẹ kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á lọ wá téèpù àkọ́kọ́, bóyá igbe náà gùn díẹ̀ sí i níbẹ̀.

"Gé orí, gé ìrù, èyí tó kù ni ohùn." Bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Bí ènìyàn bá gba ohùn sílẹ̀, kì í wọlé ní òun nìkan. Èémí á ṣáájú rẹ̀, ikọ́ á tẹ̀lé e, àga á ké, ẹnìkan á béèrè omi. Gbogbo ìyẹn ni orí àti ìrù, abẹ fẹ́lẹ́ ni wọ́n sì fi ń gé e dànù lára ẹ̀dà láyé téèpù, wọ́n á fi téèpù àkọ́kọ́ pamọ́. Igbe Keje ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá gbé lé Elétí lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì mú un wá síbi iṣẹ́. Ó gé e mọ́ débi pé ọ̀gá yìn ín lójú gbogbo ènìyàn.

Yàrá ìpamọ́ wà lẹ́yìn ilé, eruku ibẹ̀ ń rùn bí ọtí kíkan. Ó tó wákàtí kan kí ó tó rí páálí náà. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ohun tó wà lára rẹ̀, lẹ́tà ńláńlá bíi ti ọmọ ilé-ìwé: IGBE, OBÌNRIN KÌÍNÍ, LẸ́Ẹ̀MEJE. Ó gbé téèpù sórí ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀, ó dé ohun ìgbọ́ran létí, ó tẹ̀ ẹ́.

Mẹ́fà kọjá. Ohùn ọ̀gá ní, "Ó ku ọ̀kan." Igbe keje dé, èyí tí òun mọ̀ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ, ìka rẹ̀ sì ti dé orí ibi tí wọ́n ti ń dá ẹ̀rọ dúró. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń dá a dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrù ló wá wá lónìí, ó fi í sílẹ̀ kó máa yí.

Igbe náà rọlẹ̀ nínú yàrá. Ẹnìkan mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín wá bẹ́, ẹ̀rín tó há bí ayùn tó ń gé pákó tútù.

"Ṣé ó wọlé? Ẹ wo àbúrò mi, ó ti ń sunkún! Mi ò tíì kú o, èmi rèé." Ẹ̀rín náà tún gbé e. "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má jẹ́ kí màmá mi gbọ́ eléyìí o. Wọ́n á gbé ìgbálẹ̀ wá bá Oníbòjú níbí!"

"Ó tó," ni ohùn ọ̀gá wí, téèpù sì parí.

Elétí jókòó sórí páálí, ó sunkún bí ọmọdé. Ó rántí gbogbo rẹ̀ wàyí: òun ló di máìkì mú lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ ó fi aṣọ eré tó ti kún fún ọ̀dà pupa nu ojú fún un. Kò sí ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kankan mọ́ nílé ayé ju ìwọ̀nba yìí lọ, òun ló sì fi abẹ gé e kúrò, nítorí pé kí iṣẹ́ lè mọ́. Ohun tó wá fi pamọ́ bí ẹyin láti ọdún yìí wá, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ pa, eré ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bẹ nínú èyí tó gé dànù.

Ọ̀sán pọ́n. Bí ó bá yọ igbe náà kúrò, ìyá á jókòó fún odidi wákàtí kan àbọ̀ láìgbọ́ ohun tó wá gbọ́. Bí ó bá fi í sílẹ̀, ìyá á gbọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀rín aráyé. Ó lè pe ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó gbé téèpù náà sí i, kó má jẹ́ kó dé gbọ̀ngàn rárá. Ó rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin olùdarí yẹn náà ti gbé igbe ẹ̀gbọ́n òun sáyà fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sì mọ̀ pé ẹni tó ké e rẹ́rìn-ín. Kò dára kí òun tún gé e lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ṣe ohun tí olùdarí fẹ́, ó fi èémí tó ṣáájú igbe so igbe mọ́ igbe títí òsúkè náà fi lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni fóònù ń dún nínú fíìmù náà. Ẹ̀kẹta ni èyí tó kẹ́yìn pátápátá: Oníbòjú ti kú, ẹ̀mí kankan kò sí nílé mọ́, fóònù á wá dún nínú àpò òkú, ojú fíìmù á sì ṣú. Ibẹ̀ ni Elétí dé tó fi ìrù sílẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti fi ohun tí olùdarí kò gbọ́ kún fíìmù, wọ́n sì ti lé ẹni tó ṣe kékeré jù bẹ́ẹ̀ lọ níṣẹ́. Kò bi olùdarí léèrè. Nígbà tó di agogo mẹ́ta àbọ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀.

Takisí gbé ìyá dé pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run àti pọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ tó ń pariwo bó bá ṣí i. Wọ́n jókòó sí ìlà kẹta. Olùdarí dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó fẹ́ máa sàmì sí ibi tí ẹ̀rín bá ti jáde. Iná kú.

"Kí ló dún yẹn?" ìyá bi í nígbà tí ọ̀bẹ kọ́kọ́ wọlé.

"Kábéèjì ni, màmi."

"Ẹ ń fi oúnjẹ ṣeré."

Fóònù dún. Igbe náà jáde láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ̀ngàn, ẹ̀rín sì gba ilé kan. Ẹnìkan ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ọwọ́ ìyá wá ọwọ́ Elétí rí nínú òkùnkùn.

"Òun nìyẹn."

"Òun ni, màmi."

"Kí ló wá dé tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín?"

"Fóònù... fóònù ọkùnrin yẹn ló ń dún. Àwàdà ni."

Ọmọbìnrin inú fíìmù sá jáde láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni ìyá wí jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi ló wá di agogo fóònù."

Kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti Elétí, ó kó méjèèjì jọ sórí pọ́ọ̀sì. Ojú ti Elétí débi pé ó fẹ́ fà á dìde kí wọ́n máa lọ. Ó rí i pé ó ṣeé ṣe kí òun ti ṣẹ ìyá òun ní ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní àtúnṣe, nítorí ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ohùn tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ṣùgbọ́n ó jókòó. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, ó ti di dandan kí wọ́n jọ gbọ́ ọ dópin.

Oníbòjú ṣubú. Ilé dákẹ́. Àwọn òǹwòran ti mọ ohun tó ń bọ̀, wọ́n ti ń rín in sílẹ̀ dè é. Fóònù dún nínú àpò òkú, igbe náà gbalẹ̀, ẹ̀rín gbalẹ̀ lé e, ojú fíìmù ṣú dúdú. Nínú òkùnkùn yẹn ni ẹ̀rín mìíràn ti bẹ́ láti inú ògiri, èyí tó há.

"Mi ò tíì kú o, èmi rèé."

Ariwo sọ. Wọ́n rò pé òun ló pa àwàdà náà dé.

"Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má jẹ́ kí màmá mi gbọ́ eléyìí o."

"Mo ti gbọ́," ni ìyá wí.

Kò pariwo. Ó wí i bí ènìyàn ṣe ń dá ọmọ lóhùn láti yàrá kejì. Àwọn tó wà ní ìlà iwájú bojú wẹ̀yìn, ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn.

"Wọ́n á gbé ìgbálẹ̀ wá bá Oníbòjú níbí!"

"Màá gbé e wá, kò purọ́," ìyá wí, ẹ̀rín sì já lẹ́nu rẹ̀. Láti ọdún kọkànlá tí wọ́n ti sin ọmọ náà, ẹ̀rín ìyá kì í kọjá ètè. Èyí ti inú wá, ó há, ó wúwo, bí ayùn nínú pákó tútù. Elétí yí ojú sí i nínú òkùnkùn. Òun tó ń gbọ́ eṣinṣin lẹ́yìn fèrèsé, ó ti ń bá ìyá yìí gbélé láti ọjọ́ yìí, kò gbọ́ ẹni tó wà nínú ọ̀fun rẹ̀.

Iná tàn. Olùdarí ti dúró ní ìpẹ̀kun ìlà wọn. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kọ nǹkan kan. Ó wo Elétí, ó wo ìyá, ó tẹrí ba.

"Àǹtí, ta ló ni ohùn yẹn?"

"Ọmọ mi ni," ìyá dáhùn, kí Elétí tó la ẹnu. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Olùdarí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ìyá ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀ pẹ̀lú ariwo, ó wá áńkáṣífù, ó fun imú, ẹ̀rín tún gbé e, ikọ́ dà á mọ́ ọn. Àga ń ké lẹ́yìn wọn, ẹnìkan ń béèrè ibi tí omi wà. Gbogbo rẹ̀ ni orí àti ìrù. Elétí kò gbé ọwọ́ sókè. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ.